Nọ́ọ̀sì tó padà sílé ìwé: Ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn rèé, ibi tí òfin ti dá wọn dúró náà rèé

Aago méjì òru ni àìsàn ọmọdé sábà máa ń bẹ́ sílẹ̀. Kò sí ìyá kan tó ń gbé ojú ọ̀nà Ìkòròdú sí Ẹ̀pẹ́, láti Ọ̀dọ̀gùnyán dé Ìmọ́tà, láti Agbówà dé Ìtóìkín, tí ò mọ irú òru bẹ́ẹ̀. Ara ọmọ á gbóná bí ààrò, ojú ẹ̀ á máa yí, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Bàbá ọmọ á bọ́ sí títì, á máa wá ọ̀kadà tí ò sí. Ìyá ọmọ ní tiẹ̀ á ti fi ọ̀já gbá ọmọ mọ́ ẹ̀yìn, ó di sẹ́ńtà ìjọba tó bá sún mọ́ wọn jù. Níbi tí wọ́n bá ti ṣílẹ̀kùn fún wọn lóru, ẹni tó máa ń jáde wá pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ kì í sábà jẹ́ dókítà. Nọ́ọ̀sì ni, tàbí agbẹ̀bí, tàbí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí wọ́n ń pè ní CHEW. Ohun tó sì máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹ̀ ni pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ìyá. Ìgbà wo ló ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé ó ṣì ń mu ọyàn? Ṣé ó bì?"

Ẹni tí ò mọ̀ lè rò pé ṣe ni nọ́ọ̀sì ń fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Bí ọmọ ò bá lè mu ọyàn tàbí omi mọ́, bó bá ń bi gbogbo ohun tó wọnú ẹ̀, bí gìrì bá ti gbé e, tàbí tó kàn sùn lọ fọnfọn tí wọn ò lè jí i, ọ̀kan ṣoṣo nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti tó láti fi mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti sẹ́ńtà, ọsibítù ńlá ló kàn. Lẹ́yìn ìyẹn ni nọ́ọ̀sì á ká aṣọ ọmọ sókè, á tẹjú mọ́ àyà ẹ̀, á sì máa ka èémí ẹ̀ fún odindi ìṣẹ́jú kan, kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun sọ̀rọ̀. Ọmọ tó ti lé ní oṣù méjì tí ò tíì pé ọdún kan, bó bá mí tó ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú kan, èémí ẹ̀ ti yá jù. Ẹni tó bá ti pé ọdún kan títí dé ọdún márùn-ún, 40 ni tiẹ̀. Bí ikọ́ bá wà pẹ̀lú èémí tó ń sáré, òtútù àyà ni wọ́n máa kọ́kọ́ fura sí, kì í ṣe ibà nìkan. Aago ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń ṣe é o. Kò sí ẹ̀rọ olówó ńlá kankan níbẹ̀.

Ọ̀nà tí àjọ WHO là sílẹ̀ láti àwọn ọdún 1990 nìyẹn, òṣìṣẹ́ ìlera tó bá sì ti gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí ẹ̀ lè tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọdé nìkan kọ́ ló ń wá sí sẹ́ńtà. Bàbá apẹja tó ti lé ní ọmọ àádọ́ta ọdún ń bọ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó wú. Aboyún oṣù mẹ́jọ ń bọ̀, ó ní orí ń fọ́ òun, ojú òun sì ń ṣú. Ìyá tó ń ta gaàrí ń bọ̀, ó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ó tún ń mu àgbo jẹ̀díjẹ̀dí, kò sì sọ fẹ́nì kankan. Irú àwọn wọ̀nyí ò bá bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri mu. Ibẹ̀ ni nọ́ọ̀sì ti máa ń mọ̀ pé ohun tí òun kọ́ ò tíì tó. Ìdí nìyẹn tí àwọn mìíràn nínú wọn fi ń padà sílé ìwé lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ ọdún márùn-ún, ọdún mẹ́wàá, tí wọ́n ti lọ́mọ, tí ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń bi wọ́n pé kí ni wọ́n tún ń wá.

Kí ni wọ́n ń wá lóòótọ́? Ohun tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́, tí àjọ Nursing and Midwifery Council of Nigeria ti fún níwèé àṣẹ, ti mọ iṣẹ́ o, kí ẹnikẹ́ni má tàn yín. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń gúnni lábẹ́rẹ́, bí wọ́n ṣe ń fi omi síni lára, bí wọ́n ṣe ń wẹ ojú egbò, bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ aláìsàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ abẹ dé. Bó bá tún fẹ́ ẹ̀kọ́ mìíràn lé e, ó lè lọ kọ́ṣẹ́ agbẹ̀bí, ó lè lọ sí Ìgbòbí lọ kọ́ nípa eegun, ó lè lọ sí Arò l'Ábẹ́òkúta lọ kọ́ nípa àrùn ọpọlọ. Ó lè yan ti ojú, ó lè yan ti yàrá iṣẹ́ abẹ. Yunifásítì náà wà ńbẹ̀. Yunifásítì Ìbàdàn ló kọ́kọ́ dá ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì onídìgírì sílẹ̀ ní 1965, Màmá Kofoworola Abẹ́ní Pratt sì wà lára àwọn tó jà fún un. Màmá yìí lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ọsibítù St Thomas' ní London ní 1946, òun sì ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di mátírọ́ọ̀nù UCH, ní 1964. Ó kú ní 1992. Lẹ́yìn dìgírì àkọ́kọ́ ni master's wà, ibẹ̀ sì ni ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní advanced ti ń bẹ̀rẹ̀.

L'Ámẹ́ríkà, ẹni tó bá gba irú ẹ̀kọ́ ìpele gíga yìí já, tó sì ṣe ìdánwò tiẹ̀ yege, lè di nurse practitioner. Kò rọrùn láti fún orúkọ yẹn ní Yorùbá kan pàtó, ṣùgbọ́n ohun tó túmọ̀ sí ò ṣòro: nọ́ọ̀sì tó máa rí aláìsàn fúnra ẹ̀, tó máa yẹ̀ ẹ́ wò, tó máa sọ orúkọ àìsàn, tó máa kọ oògùn, tí òfin sì fọwọ́ sí i pé kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kọ́ ńlá mẹ́ta ló gbé iṣẹ́ náà dúró. Nítorí pé lẹ́tà P ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, P mẹ́ta ni wọ́n ń pè wọ́n lọ́hùn-ún. Àwọn yunifásítì tiwa tó ń ṣe master's nọ́ọ̀sì náà ń kọ́ irú ẹ̀, bí orúkọ tí wọ́n pè é tilẹ̀ yàtọ̀ láti ibì kan sí ìkejì.

Àkọ́kọ́ dá lórí bí àìsàn ṣe ń rìn nínú ara. Ẹ jẹ́ ká mú bàbá apẹja tó ní ẹsẹ̀ wíwú yẹn. Nílé ìwé àkọ́kọ́, wọ́n ti kọ́ nọ́ọ̀sì pé bí ẹsẹ̀ bá wú, kó gbé e lé ìrọ̀rí, kó kọ ọ́ sínú fáìlì, kó sọ fún dókítà. Bó bá padà sílé ìwé, ohun tí olùkọ́ máa bi í ni pé: ẹsẹ̀ wú, kí ló wú u? Ọkàn tó ti rẹ̀, tí ò lágbára láti ti ẹ̀jẹ̀ lọ bó ṣe yẹ mọ́, lè mú ẹsẹ̀ wú. Kíndìnrín tó ń jo, tó ń jẹ́ kí èròjà amáralókun bá ìtọ̀ lọ, lè mú un wú, ojú ni tiẹ̀ sì sábà máa ń kọ́kọ́ wú láàárọ̀. Ẹ̀dọ̀ tó ti bà jẹ́ tó sì ti le lè mú un wú, ikùn á sì wú pẹ̀lú ẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan ló wú tí ìkejì wà bó ṣe wà, ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ti dì sínú iṣan, ẹ̀jẹ̀ dídì yẹn sì lè já, kó lọ há sínú ẹ̀dọ̀fóró, kó pa èèyàn lójijì. Ti aboyún ló tún wá jẹ́ àdììtú: oyún lè mú ẹsẹ̀ wú láìsí ewu kankan, oyún kan náà sì lè mú un wú gẹ́gẹ́ bí àmì pé ẹ̀jẹ̀ ti ń ru, pé gìrì aboyún ń bọ̀. Kódà oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan tó wọ́pọ̀ gan-an nílùú wa, amlodipine, máa ń mú ọrùn ẹsẹ̀ àwọn tó ń lò ó wú. Ẹ ò rí i báyìí pé ẹni tó bá kàn fún gbogbo wọn ní oògùn tó ń múni tọ̀, á wo ẹnì kan sàn, á sì dá kún ìṣòro ẹlòmíràn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àtọ̀gbẹ. Lágbègbè ọ̀sà Ẹ̀pẹ́, apẹja lè fi ẹsẹ̀ gún ìkarahun lónìí, kó má mọ̀ títí di ọ̀túnla tó máa rí i pé bàtà òun ti rin. Àwọn èèyàn á ní ayé ló ń ṣe é. Ẹ̀kọ́ yìí ló ń la ọ̀nà ibẹ̀ fún nọ́ọ̀sì: ṣúgà tó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún ti pa iṣan tó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ mọ ìrora, ó ti sọ ojú iṣan ẹ̀jẹ̀ di tín-ín-rín, ó sì ti mú kí agbára tí ara fi ń bá kòkòrò jà dín kù. Nọ́ọ̀sì tó bá mọ èyí kò ní dúró kí ẹsẹ̀ jẹrà. Á ní kí bàbá bọ́ bàtà, á fi ìka tẹ ẹsẹ̀, á ní kó di ojú, á bi í pé, "Bàbá, ẹ ń mọ ibi tí mò ń tẹ̀ yìí?" Bí bàbá bá ní kò sẹ́ni tó tẹ òun, ẹ̀rù ti tó ba èèyàn.

Èkejì ni bí wọ́n ṣe ń yẹ ara wò látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Nǹkan mẹ́rin ló wà ńbẹ̀: kí wọ́n wò, kí wọ́n fọwọ́ kàn án, kí wọ́n kàn án bí ẹni kan ìlù, kí wọ́n gbọ́ ohùn inú ẹ̀. Ti ìlù yẹn ló máa ń pa àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lẹ́rìn-ín. Dókítà ará Austria kan, Leopold Auenbrugger, ló gbé e jáde nínú ìwé tó kọ ní 1761. Bàbá rẹ̀ ló ní ilé ìtura, ibẹ̀ ni wọ́n ní ọmọ ti ń rí bí wọ́n ṣe ń fi ìka kan àgbá ọtí láti mọ ibi tí ọtí kù sí. Kí ló tún jọ ọ́ ju ti àwọn ìyá elépo wa lọ, tí wọ́n á fi ìka kan kẹ́ẹ̀gì kí wọ́n tó gbé e? Àyà tí afẹ́fẹ́ wà nínú ẹ̀ máa ń dún bí ìlù tó ṣófo. Ibi tí omi bá wà tàbí tí òtútù àyà ti sọ ẹ̀dọ̀fóró di líle, ohùn ẹ̀ á kú. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á gbé ẹ̀rọ eléti méjì lé e, èyí tí Laennec, ará Faransé, bẹ̀rẹ̀ irú ẹ̀ ní 1816 pẹ̀lú bébà tó ká rogodo. Ti ikùn ní òfin tiẹ̀: etí ló gbọ́dọ̀ ṣáájú ọwọ́, torí bí wọ́n bá ti tẹ ikùn, ìfun lè yí ohùn padà.

Ẹ̀kọ́ yìí ò ṣeé kọ́ nínú ìwé nìkan. L'Ámẹ́ríkà, ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní 2022 sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ lo ó kéré tán wákàtí 750 pẹ̀lú aláìsàn gan-an, lábẹ́ ojú ẹni tó ti gbówọ́ nínú iṣẹ́ náà, kó tó parí. Bí wọ́n bá ń ṣe wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́, iṣẹ́ bí ọjọ́ 94 nìyẹn. Aláìsàn kan ò jọ ìkejì. Àyà tó sanra, àyà tó gbẹ, ọmọ tó ń sunkún, arúgbó tó ní kí wọ́n má fọwọ́ kan òun.

Ẹ̀kẹta ni oògùn, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti kan gbogbo ilé tó wà ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, torí kò sí àdúgbò tí kẹ́mísì ò sí. Ta ni kò tíì ra Ampiclox méjì fún inú rírun rí? Ta ni wọn ò tíì po oògùn mẹ́rin márùn-ún pọ̀ fún sínú ọ̀rá kékeré rí, funfun kan, pupa kan, ọlọ́wọ̀ọ́ méjì kan, tí ẹni tó tà á ò mọ ohun tí pupa ń ṣe? Nínú ẹ̀kọ́ oògùn, orúkọ oògùn nìkan kọ́ ni wọ́n ń kọ́. Wọ́n ń kọ́ bó ṣe ń wọnú ẹ̀jẹ̀, ibi tó ń gbà jáde, ohun tó ń bá jà, àti ẹni tí kò gbọ́dọ̀ dé ẹnu ẹ̀. Lisinopril dára fún ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣùgbọ́n aboyún ò gbọ́dọ̀ lò ó, ó lè ba kíndìnrín ọmọ inú ẹ̀ jẹ́. Abẹ́rẹ́ gentamicin ń pa kòkòrò, ṣùgbọ́n bó bá pọ̀ jù tàbí tó pẹ́ jù, ó lè di etí èèyàn, ó sì lè pa kíndìnrín lára. Ibuprofen tí wọ́n ń lò bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ru sí i, ó sì ń dá egbò sínú àwọn tó ní ọgbẹ́ inú. Tetracycline máa ń sọ eyín ọmọdé di aláwọ̀ ìyeyè títí ayé. Oògùn ọmọdé kì í ṣe ìdajì ti àgbà, ìwọ̀n ara ọmọ ni wọ́n fi ń ṣírò ẹ̀: paracetamol jẹ́ nǹkan bíi mílígíráàmù 15 fún kílò kan, ìyẹn ni pé ọmọ tó bá wọn kílò mẹ́wàá, 150 tó o. Ìyá tó bá ń fi ṣíbí ọbẹ̀ wọn ọ́n, kó tún un rò.

Ti ibà náà wà ńbẹ̀. Láti 2010 ni WHO ti ní kí wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí wọ́n tó fúnni ní oògùn ibà. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti orí ìka, ìṣẹ́jú bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó ti parí. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì tó bá sọ fún ará ilé pé kì í ṣe ibà, wọ́n á ní kò mọṣẹ́. Ẹ̀kọ́ ìpele gíga ń kọ́ wọn pé kí wọ́n lè dúró lórí ohun tí àyẹ̀wò sọ, kí wọ́n sì wá ohun tó ń mú ara gbóná gan-an. Ìyẹn le ju kí wọ́n kàn kọ oògùn lọ.

Yàtọ̀ sí mẹ́ta yìí, wọ́n ń kọ́ ìwádìí, wọ́n ń kọ́ òfin àti ìwà iṣẹ́, wọ́n ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń darí wọ́ọ̀dù. Ìṣirò tí wọ́n ń pè ní statistics wà ńbẹ̀, òun ló sì máa ń mú kí ọ̀pọ̀ wọn ṣe kísà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń rò pé nǹkan òyìnbó Amẹ́ríkà nìkan ni gbogbo èyí, ẹ gbọ́ èyí ná. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1965 ni nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Loretta Ford àti dókítà ọmọdé kan tó ń jẹ́ Henry Silver bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ nurse practitioner àkọ́kọ́ ní Yunifásítì Colorado. Màmá Ford pẹ́ láyé, January 2025 ló kú lẹ́ni ọdún 104. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ní Colorado, irú iṣẹ́ yẹn ti ń lọ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ìlú ibẹ̀ ni Ìmẹ̀sí-Ilé, lábẹ́ ọsibítù Wesley Guild tó wà n'Íléṣà. Dókítà òyìnbó kan, David Morley, ló dé síbẹ̀ ní àwọn ọdún 1950. Ó rí i pé ọmọ ń kú bí ẹran, ìgbóná èèyí, ìgbẹ́ gbuuru, òtútù àyà àti àìjẹunrekánú ló ń pa wọ́n, dókítà ò sì lè tó láéláé. Ohun tó ṣe ni pé ó dá kúlínììkì àwọn ọmọ tí ò tíì pé ọdún márùn-ún sílẹ̀, ó sì fi àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn obìnrin ìlú tó kọ́ níṣẹ́ síbẹ̀. Àwọn yẹn ló ń rí àwọn ọmọ, àwọn ló ń wọ̀n wọ́n, àwọn ló ń tọ́jú àìsàn tó wọ́pọ̀, èyí tó bá ju agbára wọn ni wọ́n ń gbé lọ bá dókítà. Ìwé ìwọ̀n tí wọ́n fi ń sàmì bí ọmọ ṣe ń tóbi lóṣooṣù, tí ọ̀já ìlà méjì wà lórí ẹ̀, Ìmẹ̀sí-Ilé ló ti gbajúmọ̀ kó tó tàn ká ayé. Ikú ọmọdé ní ìlú náà já wálẹ̀ gan-an. Ìyá tó bá mú káàdì ọmọ ẹ̀ dání lọ sí sẹ́ńtà ní Ìkòròdú lónìí, àrọ́mọdọ́mọ káàdì Ìmẹ̀sí-Ilé ló mú dání.

Kí ló wá dé tí Nàìjíríà tó ti ní irú ìtàn yìí ò fi sọ ọ́ di òfin? Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ètò Basic Health Services ní 1975, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ìgbèríko ni wọ́n dojú kọ, àwọn tó padà wá di CHO àti CHEW. Wọ́n ṣe ìwé kan fún wọn tó ń jẹ́ Standing Orders, tó ní bí ẹ bá rí báyìí, ẹ ṣe báyìí, ẹ fún wọn ní oògùn báyìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tó jẹ́ mínísítà ìlera láti 1985 sí 1992, ló wá gbé ètò ìlera alábọ́ọ́dé dé ìjọba ìbílẹ̀ gbogbo. Òótọ́ ni pé àwọn nọ́ọ̀sì tó wà ní sẹ́ńtà náà ń lo ìwé yìí. Àmọ́ òfin tó ń darí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, Decree 89 ti 1979, ò dárúkọ nọ́ọ̀sì kan tó lè fọwọ́ ara ẹ̀ kọ oògùn nítorí pé ó kàwé sí i. Ètò ìjọba àpapọ̀ tó jáde ní 2014 lórí pínpín iṣẹ́ láàárín òṣìṣẹ́ ìlera gbìyànjú láti ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀, pàápàá fún ọ̀rọ̀ ìbímọ àti àwọn ọmọdé. Síbẹ̀, nọ́ọ̀sì tó gba master's lè wà ní wọ́ọ̀dù, kó mọ ohun tó ń ṣe aláìsàn, kó mọ oògùn tó yẹ, kó sì máa dúró de ẹni tó máa wá fọwọ́ sí i. Ní Bìrìtéènì, láti 2006 ni nọ́ọ̀sì tó bá ti kọ́ ẹ̀kọ́ ẹ̀ ti lè kọ ọ̀pọ̀ jù lọ oògùn. L'Ámẹ́ríkà, ó lé ní ogún ìpínlẹ̀ tí nurse practitioner ti lè ṣiṣẹ́ láìsí dókítà lórí ẹ̀. Botswana nílẹ̀ Áfíríkà níbí ti ń kọ́ irú wọn láti àwọn ọdún 1980.

Àwọn dókítà ní tiwọn ò fẹ́ gbọ́. Wọ́n ní ọdún mẹ́fà làwọn lò nílé ìwé, kí àwọn tó tún ṣe housemanship, pé bí gbogbo èèyàn bá ń kọ oògùn, ta ló máa dáhùn bí aláìsàn bá kú? Ọ̀rọ̀ wọn ní tiẹ̀ ò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn pátápátá. Àmọ́ ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ ò fi gbogbo ara gbè wọ́n. Nígbà tí àwọn onímọ̀ kó ìwádìí 18 jọ ní 2018 fún àjọ Cochrane, wọ́n rí i pé níbi ìtọ́jú ìpele àkọ́kọ́, aláìsàn tí nọ́ọ̀sì tó kọ́ ẹ̀kọ́ dáadáa tọ́jú ṣe bíi ti ẹni tí dókítà tọ́jú, nígbà mìíràn ó tiẹ̀ sàn díẹ̀. Orílẹ̀-èdè olówó ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìwádìí náà ti wá o, kò yẹ ká fi ìyẹn pa mọ́. Ẹni tó bá sọ pé bó ṣe rí ní London ló máa rí ní Ẹ̀pẹ́ láìsí iná, láìsí yàrá àyẹ̀wò, á jẹ́ pé kò dé Ẹ̀pẹ́ rí.

Èyí tó ń da ọ̀rọ̀ rú jù ni àwọn ọ̀sílárì. Ẹ kiri Ìkòròdú, ẹ ó rí wọn: ọmọdébìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní sẹ́kọ́ńdìrì, tí ọsibítù aládàáni kan gbà gẹ́gẹ́ bí ọmọ iṣẹ́, ó gúnni lábẹ́rẹ́ fún oṣù díẹ̀, wọ́n rán aṣọ funfun fún un, ó di "Nọ́ọ̀sì". Kò níwèé àṣẹ, Council ò mọ̀ ọ́n, òun náà sì lè ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́la, kó máa gba ẹ̀bí. Ẹ̀bi ọmọ yẹn nìkan kọ́. Ọsibítù tó fẹ́ san owó kékeré ló gbà á, àwa tá ò béèrè ló sì ń pè é ní nọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí irú wọn bá ṣe aláìsàn báṣubàṣu, àwọn nọ́ọ̀sì gidi ló ń jẹ̀bi ẹ̀, àwọn dókítà á sì ní, "Ẹ ò rí i? Irú wọn lẹ fẹ́ kó máa kọ oògùn." Nọ́ọ̀sì tó ní ìwé kò ní bínú bí ẹ bá ní kó fi hàn yín.

Ọ̀nà tí àwọn tó kàwé sí i ń gbà báyìí, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n: pápákọ̀ òfurufú. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá nọ́ọ̀sì tó kọ́ṣẹ́ ní Nàìjíríà tó wà nínú ìwé orúkọ àwọn nọ́ọ̀sì Bìrìtéènì. Ní February 2024, nígbà tí Council gbé òfin jáde pé nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ọdún méjì nílé lẹ́yìn tó bá gbàwé kó tó lè ní kí wọ́n jẹ́rìí sí òun fún òkè òkun, wọ́n jáde ní Abuja àti l'Ékòó láti fẹ̀hónú hàn. Ní ìparí July 2025, ẹgbẹ́ wọn, NANNM, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ọlọ́jọ́ méje kárí orílẹ̀-èdè. Kò pé ọjọ́ méje tí wọ́n fi dá a dúró lẹ́yìn tí wọ́n bá ìjọba sọ̀rọ̀. Owó wà nínú ìjà yẹn. Ipò wà nínú ẹ̀ pẹ̀lú: wọ́n fẹ́ kí ìwé tí àwọn kà ní ibi tó máa wúlò sí.

Títí dìgbà tí ibi yẹn máa wà, àwọn kan ṣì ń lọ sílé ìwé. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lágbègbè Ẹ̀pẹ́ tó fẹ́ kàwé ní Ìdí-Àràbà tàbí Ìbàdàn máa ń ṣe iṣẹ́ alẹ́ mọ́jú, á gbé bàágì lé èjìká láàárọ̀, á wọ mọ́tò láti Ìtóìkín, á sùn gba Agbówà àti Ìmọ́tà kọjá, ojú á ṣẹ̀ṣẹ̀ là ní gáréèjì Ìkòròdú. Ìwé oògùn á wà lórí itan ẹ̀ ní ojú ewé tó ti ń kà láti ọjọ́ mẹ́ta. Alẹ́ ọjọ́ kejì, á tún ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Bí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn láago méjì òru, á mú tọ́ọ̀ṣì, á ka èémí ọmọ, á fún un ní ohun tí ìwé Standing Orders gbà á láyè láti fún un, á kọ lẹ́tà sí ọsibítù ìjọba, á sì bá bàbá ọmọ wá mọ́tò.